Ogún Ìṣẹ́jú Àáyá Tí Mo Fi Ba Àbúrò Mi Jẹ́

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún yìí, àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo kú. Àìsàn kíndìnrín ló pa á. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibojì rẹ̀, àwọn èèyàn ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Ẹ gbìyànjú. Ẹ ṣe ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe bàbá, ẹ tún ṣe ìyá." Mo ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín." Ìdúpẹ́ yẹn kò tọ́ sí mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fi orúkọ àbúrò mi kọ́ yín pé báyìí ni oníjìbìtì ṣe ń parí, ẹ gbọ́ mi. Àbúrò mi kò ṣe jìbìtì. Èmi ni mo ṣe é. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mo ń ṣe é, mo sì gbádùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi sọ pé èṣù ló lò mí. Kò sí ẹni tó lò mí.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó, ẹ ní láti mọ ohun tí a jẹ́ sí ara wa. Ọdún tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama ni bàbá àti ìyá wa kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kan náà. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n pín wa, kí ẹnì kan mú èmi, kí ẹlòmíràn mú òun. Mo ní rárá. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Orí tábìlì tí a ti ń tú ikùn aago lọ́sàn-án ni àbúrò mi ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo gé irun orí rẹ̀, mo jókòó sí ìpàdé àwọn òbí láàárín àwọn tó tó bí mi lọ́mọ. Èmi náà ti gba ìwé pé kí n wá sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo fi ìwé náà tẹ́ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́, òun ni àwọn èèyàn sì fi ń yìn mí. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń di gbogbo oore náà ní ẹrù, tí mo ń gbé e ka orí ọmọ náà, tí mo sì ń wò ó bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń tẹ̀.

Òfin kan wà nínú yàrá wa. Ó lè bínú sí mi, ó lè sunkún, ó lè kọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ fún mi láéláé pé irọ́ ni mo ń pa. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti ṣèlérí pé màá mú un lọ wo ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀. Ọjọ́ pé, n kò mú un lọ, mo wá sẹ́, mo ní n kò ṣèlérí kankan. Ó wò mí lójú, ó ní, "Irọ́ lẹ ń pa, ẹ̀gbọ́n mi." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mo yọ bẹ́líìtì mi. Mo nà án títí ó fi tọ̀ sára, bí mo ṣe ń nà án ni mo ń bi í pé, "Ta ló ń purọ́?" Ó ń ké pé, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi! Èmi ni!" Òun ló sọ òtítọ́, òun náà ló tún bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ sí mi mọ́. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn dípò rẹ̀. Bí mo bá sọ ohun tí òun àti èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, yóò wo ilẹ̀, yóò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Bí ẹ ṣe wí ni." Ẹlòmíràn tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ó gbà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ ló pè mí. Ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò lè pè é síta.

Ìwé tí ó kà gbé e dé ilé ìwòràwọ̀ tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú wa. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sọ fún ọ̀gá àgbà ibẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun mọ tinú-tòde aago. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olùtọ́jú aago wọn. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún mi nísàlẹ̀ ibi tí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wà. Kò ní fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù kan ń kùn ní igun rẹ̀ láìsinmi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lọ́rùn mi. Aago méjì ló wà nínú àpótí irin níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tó wà lójú òfurufú ni àwọn aago náà ti ń gba àkókò, ọ̀kan sì ń ṣọ́ èkejì. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú bíńtín yàtọ̀ síra, iná pupa á tàn. Gbogbo ohun tí awò ńlá bá rí, àwọn aago wọ̀nyí ló ń sọ ìgbà tó rí i. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń sọ fún mi pé, "Àbúrò yín mà ṣe dáadáa fún yín o." Fún yín! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, èmi ni wọ́n wá ń sọ pé ó ṣe dáadáa fún.

Ohun tí àbúrò mi ti ń wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè rí. Ìràwọ̀ kan ni, tí nǹkan kan ń yí po nítòsí rẹ̀ gan-an, débi pé ó ń yí i ká tán láàárín ọjọ́ kan tiwa. Nǹkan náà tóbi kọjá ohun tí èèyàn lè pè ní ayé, kò sì tóbi tó kí iná ìràwọ̀ ràn nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nínú yàrá aago ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Báálóònù tó rọ omi sí ló mú wá. Ó fi ìka fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ibẹ̀ yọ gọngọ. "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Bí òṣùpá ṣe ń fa omi òkun tó fi ń kún, bẹ́ẹ̀ ni kékeré yìí ń fa ara ìràwọ̀. Ara ìràwọ̀ á wú sí i. Àmọ́ ìràwọ̀ ò yára yí tó o, torí náà ibi tó wú yẹn á máa wà lẹ́yìn, á máa fà á láṣọ. Kékeré ò lè já ara ẹ̀ gbà. Á máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa sún mọ́ ọn. Gbogbo eré tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀, ìràwọ̀ ló ń gbà á, tó fi ń yí kíákíá sí i. Lọ́jọ́ kan, á wọnú ẹ̀ lọ pátápátá." Mo bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀? Ta ló débẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá ń gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ máa ń dín kù. Ká ní kò wọlẹ̀ ni, ìgbà tó yẹ kó dé gan-an ló máa dé. Àmọ́ ó ń tètè dé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdọọdún ló ń tètè dé sí i. Aago yín ló sọ fún mi." Orí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ dúró lé: pé nǹkan náà ti ń fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá tètè dé ju bí ìṣírò àtijọ́ ti sọ lọ. Ogún péré. Èèyàn kò tíì de okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì tán kí ogún ìṣẹ́jú àáyá tó pé.

Wọ́n pè é sórí rédíò kí ó wá sọ nípa rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwa òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ kó ara wa jọ sí gáréèjì láti gbọ́ ọ: èmi, awakọ̀, àwọn agbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Olóòtú béèrè pé orúkọ wo ni òun lè pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní èdè wa. Àbúrò mi ní, "Kògbiná ni mo máa ń pè é. Ó fẹ́ di ìràwọ̀, ara ẹ̀ ò tó o, iná ò ràn. Ó gbóná lóòótọ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí irin tó ń tutù lọ, àmọ́ kò lè tan ìmọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni." Olóòtú bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, irú ẹ̀ mà pọ̀ láàárín àwa èèyàn náà!" Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó wà nílé wa náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni Kògbiná tèmi." Gbogbo gáréèjì hó. Mo dìde, mo pa rédíò náà, mo bá ọ̀nà mi lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gba orúkọ tuntun. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Bí mo bá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yóò na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, á ní, "Ọ̀gá Kògbiná, ẹ ẹ̀ bá sún mọ́ ibí ká yá iná díẹ̀." Agbálẹ̀ kan á dá a lóhùn pé, "Iná wo? Lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni wọ́n. Wọn ò lè se omi gbóná." Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn, ó ta gìrì, ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dópin ni." Mo ní, "Bínú kẹ̀? Ṣé àwàdà náà ni mo máa bínú sí?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ ṣe wí ni." Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tí màá fi bà á jẹ́.

Ọdún náà kò parí tí ohun tí mo ń wá fi wá bá mi. Ilé ìwòràwọ̀ mìíràn tó ju tiwa lọ, ní ọ̀nà jíjìn, fẹ́ gba àbúrò mi kó wá máa ṣe olórí fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹnì kan nínú wọn kọ́kọ́ wá, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé nǹkan náà ń tètè dé lóòótọ́. Obìnrin kan ni wọ́n rán wá, tí gbogbo wa ń pè ní Àlejò, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń bọ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ yàrá awò. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kó dé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá aago mọ́ ara mi. Ibì kan wà lára àpótí irin náà tí a ti ń tẹ àtúnṣe sínú rẹ̀, nítorí pé wáyà tó gùn máa ń fa àkókò sẹ́yìn bíńtín. Mo tẹ ogún ìṣẹ́jú àáyá sínú aago kìíní. Iná pupa tàn. Mo tẹ ogún sínú èkejì. Iná pupa kú. Méjèèjì ń sáré, méjèèjì ń ṣọ́ ara wọn, méjèèjì sì ń jẹ́rìí fún ara wọn. Mo jókòó sórí àga mi, mo mu omi.

Ẹ ti lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan náà tètè dé bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n aago ti sáré ṣáájú, nítorí náà lójú aago, ìgbà tó yẹ kó dé náà ló dé. Àlejò wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bọ́ sí yàrá mi láti yẹ aago wò, mo fi iná tí kò tàn hàn án, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi kò lè jẹun mọ́. Ó wá bá mi, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ó di ara ilẹ̀kùn mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni wọ ibí?" Mo ní, "Ta ló máa wọlé? Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà." "Ṣé ẹ̀yin náà ò fọwọ́ kan nǹkan, bóyá nígbà tẹ́ ẹ̀ ń nu eruku?" Mo ní, "Ṣé o wá ń fi mí sùn ni?" Ó ní, "Ẹ má bínú." Ó yí padà lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń gùn ún bí arúgbó, ara mi sì ń yá gágá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe burú tó.

Àwọn kan lè máa rò pé ká ní mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rédíò yẹn dópin, n kì bá ti ṣe é. Mo gbọ́ ọ dópin. Ọ̀gá àgbà yan ìgbìmọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àbúrò mi, ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n jókòó ni ìyàwó wa, ìyàwó àbúrò mi, wá sí ilé mi pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn yín, ó sì dun òun náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìyókù." Ó tẹ fóònù, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́yìn ẹ̀rín olóòtú: "Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ká ní Kògbiná yẹn ò sí, ìràwọ̀ ńlá ò ní yí bó ṣe ń yí. Òun ló ń fún un ní eré tiẹ̀, tí òun fúnra ẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé tiẹ̀ lọ́wọ́, ó jù ú sí dúrọ́ọ̀ kí èmi lè lọ síléèwé. Eré tẹ́ ẹ̀ ń wò pé mò ń sá yìí, tiẹ̀ ni. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà." Ìyàwó wa pa á, ó ń nu ojú. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́la. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí wọ́n máa gbọ́ tiyín." Mo ní, "Lọ sinmi, ìyàwó wa. Màá sọ ohun tí mo mọ̀." Nígbà tó lọ tán, mo ronú sí i. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìyìn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí pé mo ń wọlẹ̀, ó sì ń yí lọ. Mo fi ìyẹn dá ara mi láre, mo sì sùn fọnfọn.

Yàrá ìpàdé ni wọ́n jókòó sí, ní òwúrọ̀, tábìlì gígùn kan, ìgò omi níwájú oníkálùkù. Kóòtù tí àbúrò mi fi ṣe ìgbéyàwó ló wọ̀, ó ti há mọ́ ọn. Ọ̀gá àgbà bi mí pé, "Olùtọ́jú aago, ṣé aago yìí ti ṣìnà rí láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé?" Mo ní, "Rárá, sà." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Irọ́ yẹn nìkan ti tó láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè sọ pé àṣìṣe ló ṣe, àánú rẹ̀ sì lè ṣe wọ́n, n kò sì fẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, nǹkan kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọdún kejì tí mo dé, àbúrò mi wá bá mi nínú yàrá aago. Ó ní kí n fa aago sẹ́yìn díẹ̀ fún òun, kí ohun tóun ń wá lè bọ́ sí i. Mo ní mi ò ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá ó wá bá ibòmíràn gbà á." Ọ̀gá àgbà yí sí àbúrò mi. Èèyàn dáadáa ni, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi yọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀gbọ́n yín ni, mo mọ̀, àmọ́ ibí kì í ṣe ilé yín. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ yín? Ẹ ṣáà sọ pé irọ́ ni, a máa wádìí ẹ̀."

Àbúrò mi wò mí. Ẹnu rẹ̀ là. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín rẹ̀. Nígbà náà ni mo dìde díẹ̀ lórí àga, bí ẹni tó ń tún ṣòkòtò ara rẹ̀ ṣe, mo sì fi ọwọ́ kan ìdè bẹ́líìtì mi. Ẹlòmíràn kò ka ìyẹn sí. Òun kà á sí. Ọkùnrin tó ju ogójì ọdún lọ, tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ, tí wọ́n ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n, mo rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó jáde sí ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí ni." Àlejò dé ìdérí bírò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní, "Ṣé ẹ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́, pé, "Bí wọ́n ṣe wí ni." Níwájú gbogbo wọn ló pè mí ní òpùrọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èmi nìkan ni mo sì gbọ́ ọ.

Wọ́n lé e. Orúkọ rẹ̀ kúrò lára gbogbo ohun tó ti kọ. Wọ́n gba ilé tí wọ́n fún un, ìyàwó wa gbé ẹrù wọn àti ọmọbìnrin wọn wá sí yàrá méjèèjì tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ọjọ́ tí Àlejò lọ ni mo ti yọ ogún kúrò nínú aago méjèèjì, wọ́n sì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ojú awò sí ìràwọ̀ yẹn mọ́. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù aago tèmi, mo sì gba àbúrò mi sí i. Àwọn èèyàn tún yìn mí. Ìdí tábìlì ni mo fi í sí, ní ìdojúkọ mi, kó má bàa sí ibi tó lè yí sí tí kò ní máa rí mi. Bí oníbàárà bá wọlé, mo máa ń sọ pé, "Ẹ gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, aago ni wọ́n fi gboyè." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí ó bá tún aago kan ṣe tán, mo máa ń gbé e sétí, n óò mi orí, n óò tú u palẹ̀ níwájú rẹ̀, n óò ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iṣẹ́ náà dára, tí mo sì tú u. Ọjọ́ kan ó ń nu ikùn aago kékeré kan, kò gbé ojú sókè, ó ní, "Aago òkè yẹn sáré lọ́sẹ̀ yẹn, àbí, ẹ̀gbọ́n mi?" Mo ní, "Aago kì í sáré lọ́wọ́ mi." Ó ní, "Bí ẹ ṣe wí ni," ó sì ń nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́fà ni a fi jókòó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ kọ iṣẹ́, èmi ni mo ń wà á lọ sílé ìwòsàn. Ó ti wú lójú, ó wú lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀ mí lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, nígbà tí ìyàwó wa jáde lọ gba oògùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi lọ sọ fún wọn. Kì í ṣe torí orúkọ mi. Nǹkan yẹn ń wọlẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ilé ìwé tó bá tún fẹ́ wò ó, wọ́n á ní irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa wò ó mọ́ láéláé. Ẹ ṣáà sọ pé aago náà sáré. Ẹ lè ní àṣìṣe ni, mi ò ní jiyàn." Ẹ wo ẹni tí mo bà jẹ́: ó tún ń bá mi wá irọ́ tí màá fi bọ́ nínú ìtìjú. Mo ní, "Tí ara ẹ bá yá, a jọ máa lọ." Dókítà ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ara rẹ̀ kò ní yá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣeun." Oṣù mẹ́rin ló tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá àgbà kò kúrò ní ìlú. Mo mọ ilé rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi ń bi mí láràárọ̀ bóyá òun ti dára tó láti lọ, mo ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀." Títí di ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ni mo fi ń sọ pé ó kù díẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mo rò pé Ọlọ́run kò ní gbójú fò. Ti ìgbìmọ̀, ìbínú wà nínú rẹ̀. Èyí kò ní ìbínú kankan nínú. N kò kàn fẹ́ kó rí i gbà kó tó kú ni.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ yọ ogún ìṣẹ́jú àáyá kúrò nínú gbogbo ìgbà tí Àlejò kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ sì tún un ṣírò. Ẹ kọ ojú awò síbẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó ti wá ń tètè dé ju ìgbà tí àbúrò mi ń wò ó lọ. Ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà sí ara iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi èmi ṣe, ilé mi kò ṣòro wá, n kò sì ní sá. Ìyàwó wa, n kò ní ẹnu láti bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́ náà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí ẹ bá nà títí tí kò fi lè pe irọ́ yín ní irọ́ mọ́, ẹ kò tọ́ ọ, ẹ kàn yọ ahọ́n rẹ̀ fi pa mọ́ fún ọjọ́ tí ẹ óò nílò rẹ̀ ni. Ẹ̀yin àbúrò, bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń purọ́ mọ́ yín, ẹ la ẹnu, ẹ sọ pé irọ́ ni, kí ará ilé gbọ́, kí ará ìta gbọ́. Kò sí ìbọ̀wọ̀ kankan nínú ohun tó pa àbúrò mi.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ nìyí:

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ọ̀kan kò ní bọ́tìnnì òkè.

Bàtà kan tó ti gé lápá ibi tí ẹsẹ̀ ti wú.

Gíláàsì ojú, nínú páálí rẹ̀.

Oògùn tí kò tíì lò tán.

Rédíò kékeré kan tó ń tú lọ́wọ́, tí kò tíì tò padà.

Ife tíì aláwọ̀ ewé kan, tí ìyàwó wa ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ìyàwó kan, tó ń jí kí mi láràárọ̀, tó sì ń dúpẹ́.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní àná ó bi mí bóyá òtítọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa bàbá òun nílé ìwé. Mo ní kó dúró ná.